Ebi Kúrò Nínú Ìṣẹ́, Ìṣẹ́ Kò Bùṣe: Àríwísí lórí Ìdá 27 ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè wa, tí gbogbo wa mọ̀ sí NBS, gbé ìwé kan jáde lórí òṣì ní Nàìjíríà. Wọ́n ní èèyàn mílíọ̀nù 133 ni òṣì ń bá fínra, ìyẹn ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo wa. Nínú ìwé yẹn kan náà, Ìpínlẹ̀ Sókótó ni òṣì ti pọ̀ jù, ìdá 91. Ibi tó ti kéré jù ni Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìdá 27. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ṣì máa ń fi nọ́ńbà yìí ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp títí di òní: "Prof, àwa la gbégbá orókè!" Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé mo máa fèsì. Èsì náà nìyí, ó sì gùn díẹ̀, ẹ fara dà á.

Ìjù-Odò ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ ọ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, láàárín ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Mo dárúkọ ibẹ̀ kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti ń wo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ pé àwọn oníṣirò purọ́. Rárá o. Wọ́n dé agbo ilé tó lé ní 56,000, ní gbogbo ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá. Iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn. Mo gbà pé ìdá 27 yẹn tọ̀nà fún ohun tí wọ́n gbé sórí ìwọ̀n. Ìjà tí mo bá wọn ní dá lórí ohun tí wọn kò gbé sórí ìwọ̀n rárá, àti lórí bí àwa fúnra wa ṣe sọ nọ́ńbà náà di oyè.

Báwọn àgbà wa bá fẹ́ wọn òṣì, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohun tí Báńkì Àgbáyé ṣe kò jìnnà sí i. Lọ́dún 1990 wọ́n ní ẹni tí kò bá ní tó dọ́là kan lójúmọ́ ni òtòṣì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sún ààlà yẹn sókè: dọ́là 1.25 ní 2008, 1.90 ní 2015, 2.15 ní 2022, ó wá di dọ́là 3 ní 2025. NBS náà fa ààlà tiwa. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2020 sọ pé ẹni tí kò bá ná tó 137,430 náírà lọ́dún ni òtòṣì. Ẹ pín in sí ọjọ́ 365, yóò fún yín ní náírà 376 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ lójúmọ́. Ìdá 40.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lábẹ́ ààlà yẹn, èèyàn mílíọ̀nù 82.9. Yálà dọ́là ni o, yálà náírà ni, owó oúnjẹ ni ìpìlẹ̀ ìṣirò náà. Òwe àwọn àgbà ni wọ́n gbé wọ agbádá.

Lọ́dún 1990 yẹn náà ni ọkùnrin ará Pakistan kan, Mahbub ul Haq, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Amartya Sen ará Íńdíà, bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n mìíràn lábẹ́ UNDP. Wọ́n ní kí a wo bí ẹ̀mí èèyàn ṣe ń gùn tó, bó ṣe mọ̀wé tó, ká tó wá wo owó. Ohun tí Sen máa ń béèrè ni pé kí ni èèyàn lè ṣe, kí ló sì lè dà, pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2010, iṣẹ́ Sabina Alkire àti James Foster ní Oxford bí ìwọ̀n tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ó máa ń ka oríṣiríṣi àìní tó kó ara wọn jọ sórí agbo ilé kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá ti pọ̀ dé ìwọ̀n kan, òtòṣì ni ẹni náà, ì báà jẹ pé ó yó lónìí. Èrò gidi ni. Ó bá èdè wa mu ju ti dọ́là lọ, nítorí Yorùbá kò pe ìṣẹ́, òṣì àti àìní ní ohun kan náà. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ yín, mo máa ń sọ pé ìwọ̀n yìí ló kọ́kọ́ ní ìgboyà láti bá òwe ebi àti ìṣẹ́ jiyàn. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣí ìwé 2022 náà. Ohun 15 ni wọ́n béèrè, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin: ìlera, ẹ̀kọ́, ìgbé ayé nínú ilé, àti iṣẹ́ pẹ̀lú àjálù. Mo fẹ́ yìn wọ́n níbì kan. Wọn kò wo omi lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n gbójú kúrò. Wọ́n béèrè irú omi tí ẹ ń mu, wọ́n tún fi ìbéèrè mìíràn kún un: ṣé omi náà ṣeé gbọ́kàn lé? Wọ́n béèrè bó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ti lè rí ìtọ́jú. Wọ́n béèrè bóyá ètò ààbò ti mẹ́hẹ lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó ronú kan ẹ̀rọ omi tí ń bẹ níta tí omi kì í yọ lẹ́nu rẹ̀ mọ Nàìjíríà dáadáa.

Mo wá wo ohun 15 náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún un wò. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀.

Iná wà nínú ìwọ̀n àgbáyé tí wọ́n ti mú un. Ọ̀kan nínú ohun mẹ́wàá ibẹ̀ ni. Nínú ti Nàìjíríà, ohun tí a fi ń dáná wà níbẹ̀, ilé tí a ń gbé wà níbẹ̀, ilé ìyàgbẹ́ wà níbẹ̀, ẹrù inú ilé wà níbẹ̀, àmọ́ iná mànàmáná kò sí. Ní ìpínlẹ̀ mìíràn, bóyá nọ́ńbà náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ní tiwa ńkọ́?

Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa. Láti 2007 ni ilé iṣẹ́ tó ń fi gáàsì pèsè iná ti wà níbẹ̀; ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀, tí àwọn ará Ṣáínà kọ́, jẹ́ ti mẹ́gáwáàtì 335, ìjọba sì tún kọ́ èkejì tì í. Orí wáyà ńlá ni iná náà ń gbà lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí àwọn oníwàádìí NBS ń kan ilẹ̀kùn láti oṣù kọkànlá 2021 sí oṣù kejì 2022, ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé ní Òkìtìpupa, Ìrèlè, Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò ti wà nínú òkùnkùn fún ọdún gbọọrọ. Gbèsè, wáyà tó bàjẹ́, tiransifọ́mà tó jóná, ìjà láàárín ará ìlú àti àwọn tó ń pín iná: ẹ̀bi náà pọ̀, olúkúlùkù ló sì ń nà án sí ẹlòmíràn. Wọ́n ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Àwa tí odò wà nínú orúkọ ìlú wa, ohun tí a ṣe gan-an nìyẹn.

Ẹni tó wà lókèèrè lè rò pé òkùnkùn alẹ́ ni mò ń sọ. Aládùúgbò mi kan tó ń ṣe gàrí àti pupuru ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ó ní, "Òkùnkùn ò bà wá lẹ́rù, Bàbá. Ẹ̀rọ ló ń jẹ wá lówó." Ẹ̀yin tí ẹ kò dàgbà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Tí a bá fẹ́ ṣe gàrí, a ó bẹ ẹ̀gẹ́, a ó rin ín nínú ẹ̀rọ, ká tó gbé e sábẹ́ ẹrù kí omi rẹ̀ ro dànù, ká tó yan án. Ti pupuru yàtọ̀. A ó rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ kúrò, a ó mọ ọ́n roboto bíi bọ́ọ̀lù, a ó tò ó sórí àjà lókè iná, èéfín yóò sì gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí ni a ó ha ara rẹ̀ tó dúdú kúrò, a ó gbé e lọ sí ẹ̀rọ kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná. Ọ̀nà méjèèjì ló gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kọjá, epo bẹntiróòlù tàbí dísù ni ẹ̀rọ sì ń mu níbi tí iná kò bá sí.

Kí oṣù karùn-ún 2023 tó parí, jálá bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà ní ilé epo. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jálá kan sún mọ́ 500. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá 2024, ó ti lé ní 1,000. Owó ẹ̀rọ gòkè tẹ̀lé e. Àwọn tó ń ti Èkó wá ra gàrí ní ọjà kò bi obìnrin yìí léèrè iye tó san fún ẹ̀rọ. Iye tí wọ́n gbà láàárín ara wọn ni wọ́n máa san. Bó ṣe rí náà nìyẹn fún télọ̀, fún wẹ́dà, fún onígbàjámọ̀, fún ẹni tó ń ta ẹja inú yìnyín. Owó tó yẹ kó di owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ń di èéfín jẹnẹrétọ̀. Èyí tún jẹ́ kí n rántí ohun kan tí àwọn tó ń fi nọ́ńbà náà yangàn kì í sọ: ṣáájú kí epo tó gbówó lórí báyìí ni wọ́n ka orí wa. Aṣọ tí wọ́n rán fún ọmọ ọdún mẹ́ta ni, wọ́n ṣì ń wọ̀ ọ́ fún un lẹ́yìn tó ti dàgbà.

Ọ̀rọ̀ ẹrù inú ilé tún wà tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìwọ̀n àgbáyé máa ń ka rédíò, tẹlifíṣọ̀n, fóònù, kọ̀ǹpútà, kẹ̀kẹ́, ọ̀kadà, fíríìjì. Ẹni tó bá ní ju ọ̀kan lọ nínú wọn, àìní ẹrù kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ẹ wọ ilé kan ní Ìjù-Odò. Fíríìjì wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, ó funfun báláú, aṣọ àwọn ọmọ ló wà nínú rẹ̀ nítorí eku kò lè jẹ ilẹ̀kùn rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wà lórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Oníwàádìí á wọlé, á fàmì sí i pé wọ́n ní fíríìjì, wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n. Kò parọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé kí wọ́n ṣáà mú ìbéèrè iná ti ìwọ̀n àgbáyé wá, kí ọ̀rọ̀ parí. Kò lè parí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìbéèrè yẹn ń wádìí kò ju pé: ṣé ilé yín ní iná mànàmáná? Òpó wà níwájú ilé, wáyà so mọ́ ògiri, bọ́tìnnì wà lára rẹ̀. Baálé kan á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni nítorí ó ti san owó wáyà. Aládùúgbò rẹ̀ á ní rárá, nítorí kò rántí ìgbà tó tàn gbẹ̀yìn. Òótọ́ ni ti àwọn méjèèjì. Ìbéèrè omi tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan ni irú èyí tí iná nílò, ayé sì ti mọ bí a ṣe ń béèrè rẹ̀: láti 2015 ni Báńkì Àgbáyé ti ní ìwọ̀n tó pín iná sí ìpele, láti òdo dé márùn-ún. Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ ló kéré jù fún ìpele kìíní; ìpele karùn-ún gbọ́dọ̀ tó wákàtí 23. Bí a bá fi èyí wọn ọ̀pọ̀ ìlú Ìkálẹ̀ lọ́dún 2022, òdo ni, ti òpó ti wáyà.

Igi ìdáná náà tọ́ sí ìdádúró díẹ̀. Nínú ìwé náà, ẹni tó ń fi igi tàbí èédú dáná ní àìní kan lọ́rùn. Mo fara mọ́ ọn. Èéfín ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró àwọn ìyá wa jẹ́. Àmọ́ èéfín ló ń sọ ẹ̀gẹ́ di pupuru. Bí ẹ bá fún aládùúgbò mi ní sítóòfù gáàsì lọ́la, yóò dúpẹ́, yóò fi se ọbẹ̀, yóò sì padà sí ìdí àjà rẹ̀ láàárọ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Ìwé náà á ní àìní rẹ̀ ti dín kan. Ojú rẹ̀ á ṣì máa ṣomi. Ohun tó nílò ni ibi ìyángbẹ tí èéfín rẹ̀ ń gba òkè jáde, ohun tí kò sì sí ní ọ̀wọ́ kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àpapọ̀ ló kù. Ìwé náà ṣe dáadáa níbí pẹ̀lú: wọn kò dúró lórí ìpínlẹ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀ dé ẹkùn ìdìbò ilé aṣòfin àgbà, gbogbo 109. Kí ló dé tí ẹ kò fi èyí ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp? Nítorí ti ìpínlẹ̀ ló dùn ún kọ sí iwájú ìwé ìròyìn. Ẹkùn wa pàápàá gbòòrò jù. Gúúsù Oǹdó ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Òkìtìpupa, Ìrèlè, Ìlàjẹ, Ẹsẹ̀-Odò, Odígbó, àti Ilé-Olújìí pẹ̀lú Òkè-Igbó. Ọ̀rẹ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò Èkó sí Benin ti ń dúró jẹun wà nínú rẹ̀. Oko kòkó Ilé-Olújìí wà nínú rẹ̀. Ayétòrò náà wà nínú rẹ̀, níbi tí òkun ti ń jẹ ilé àti ibojì lọ́dọọdún. Kí ni nọ́ńbà kan ṣoṣo fẹ́ sọ tí yóò bá gbogbo wọn mu?

Kì í sì ṣe òní ni wọ́n ti ń fi ìwọ̀n tí a kò bá wọn yàn wọn ilẹ̀ wa. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà lówó láti fẹ oko ọ̀pẹ Òkìtìpupa. Irú ètò bẹ́ẹ̀, iye ilẹ̀ tí wọ́n gbìn àti tọ́ọ̀nù epo ni wọ́n fi ń ka àṣeyọrí rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ di oko ìjọba kò ní ìlà tirẹ̀ nínú irú ìṣirò yẹn. Mo mọ̀ pé ìwọ̀n òde òní sàn ju ìyẹn lọ. Ó kéré tán, èèyàn ni wọ́n ń kà báyìí, kì í ṣe ìdì ẹyìn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí tí àwọn èèyàn bá fúnra wọn sọ ohun tí àìní wọn jẹ́, ẹ padà sí Ayétòrò yẹn. Lọ́dún 1947 ni àwọn Ìlàjẹ onígbàgbọ́ kan tẹ̀ ẹ́ dó sórí ẹrẹ̀ etí òkun. Wọ́n da iṣẹ́ àti owó pọ̀ sínú àpò kan. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n kọ́ ilé ìwé. Nínú àwọn ọdún 1950 ni iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì rí i. Kò sí ẹni tó gbé ìbéèrè 15 wá bá wọn. Mi ò sọ pé kí a padà síbẹ̀: owó inú àpò kan ní ìjà tirẹ̀, nígbà tí Stanley Barrett sì kọ ìwé rẹ̀ lórí wọn ní 1977, ó ti di ìtàn ìdìde àti ìṣubú. Ohun tí mò ń sọ ni pé iná wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ wá nígbà tí wọ́n jókòó ronú pé kí ni yóò mú wọn kúrò nínú ìṣẹ́.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kàn mí nínú nọ́ńbà. Owó ló ń tẹ̀lé nọ́ńbà. Irú ìwé báyìí ni ìjọba àti àwọn àjọ olùrànwọ́ máa ń ṣí kí wọ́n tó pín nǹkan, ìpínlẹ̀ tí òṣì rẹ̀ kéré jù ni yóò sì gbẹ̀yìn lórí ìlà. Mi ò ní kí wọ́n gba ti Sókótó wá fún wa. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ sínú ìwé pé ara oní-làpálàpá ti dá. Ìkànìyàn 2006 sọ pé àwa ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó lé ní mílíọ̀nù 3.4. Kódà bí a kò bá pọ̀ sí i láti ìgbà yẹn, ìdá 27 wa ju 900,000 èèyàn lọ. Ṣé igbá orókè tí ẹ ní a gbé rèé? Èyí tó burú jù ni pé nọ́ńbà náà lè di apata lọ́wọ́ olóṣèlú: bí ará Ìjù-Odò bá béèrè iná, wọ́n á ní àwa tí òṣì wa kéré jù ní Nàìjíríà, kí la tún ń wá?

Mo mọ̀ pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú yín ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ irú ìbéèrè wọ̀nyí. Nígbà tí ẹ bá tún ń múra ìwádìí tó ń bọ̀, ẹ sọ fún àwọn ọ̀gá yín pé ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló wà ní Oǹdó, kí olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ wá ibi fi ìbéèrè méjì sí: wákàtí mélòó ni iná wà lánàá, àti èló ni ẹ ná lórí epo ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Bí ẹ bá sì dé Ìjù-Odò, ẹ má bi baálé ilé nìkan. Ẹ yí sẹ́yìnkùlé, ẹ dúró kí obìnrin tó wà nídìí àjà pupuru nu ojú rẹ̀ tán, kí ẹ wá bi í.